Ẹni Tó Dúró Lórí Afárá

Wọ́n ní iwin ni. Wọ́n ní tẹ́nikẹ́ni bá tẹ òjìji rẹ̀ mọ́lẹ̀, ipele méjì á bọ́ lára onítọ̀hún kó tó sọdá afárá tán. Àwọn kan ní rárá o, iwin kọ́, ẹ̀rọ ni, àwọn tó ni géèmù náà ló gbé e síbẹ̀ kó máa ṣọ́ àwọn tó ń rẹ́ni jẹ. Ẹnì kan tilẹ̀ búra pé òun kí i pé "ẹ káàsán", ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko ló kọjá kó tó dáhùn, ìgbà tó sì máa dáhùn, idà ti dá sí méjì lọ́wọ́ òun. Ẹni tó gbọ́ èyí fi iyọ̀ sí i kó tó sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ẹlòmíràn fi ata sí i, ni ọ̀rọ̀ bá di pé òkú ni, pé ìdí fóònù ló kú sí, tí àwòrán rẹ̀ fi dúró síbẹ̀ tí kò lọ síwájú, tí kò pa dà sẹ́yìn.

Inú géèmù kan lórí fóònù ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn máa ń pàdé nínú wọn láìrí ojú ara wọn rí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ipele kìíní ló máa bá ara rẹ̀, aṣọ àpò lọ́rùn, igi gbígbẹ lọ́wọ́. Bó bá ṣe ń pa ẹranko, tó ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán an, ni ipele rẹ̀ á máa gòkè, títí dé àádọ́rùn-ún. Ìlú Òkè wà lórí àpáta, ẹni tí kò bá tíì pé ipele ọgbọ̀n kò lè wọ ẹnubodè rẹ̀. Afárá Àkọ́wọlé wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹni tó bá sì ti kọjá ipele mẹ́wàá kò lè fi ẹsẹ̀ kàn án mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn ará òkè lè ṣe ni kí wọ́n dúró létí àpáta, kí wọ́n máa wo afárá, kí wọ́n sì máa ju ọ̀rọ̀ sí àwọn tó wà níbẹ̀. Wọ́n ń wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ kò sì wọ́n wọn.

Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ í jù bí Àbẹ̀ẹ̀gbà. Orúkọ tó sọ ara rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn, ẹni tí a bẹ̀ tí kò gbà. Ipele àádọ́rùn-ún ló wà. Aṣọ ìlékè rẹ̀ ń dán bí ojú abẹ tuntun, ẹyẹ aláwọ̀ iná kan jókòó sí èjìká rẹ̀, òun sì ni ọ̀gá Ẹgbẹ́ Orí Òkè, ẹgbẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń yà lọ́nà fún.

Tí ẹ bá wá fẹ́ rí Àbẹ̀ẹ̀gbà gan-an, ẹ má wòkè o. Ẹ wọ ilé ìwòsàn ńlá kan, ẹ kọjá ibi tí àwọn aláìsàn ti ń gba káàdì, ẹ sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn méjìdínlógún, kí ẹ ṣílẹ̀kùn ibi tí ooru ti ń jáde. Obìnrin tínínrín tó dúró nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ, tó so aṣọ mọ́rí, tí àpá iná mẹ́rin wà ní apá rẹ̀ ọ̀tún bí ẹni tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù, òun nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ló ń lọ̀. Á ti etí aṣọ bọ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á gbé e mì, á pọ̀ ọ́ jáde lódì kejì ní gbígbóná, òun á ká a sí mẹ́ta, á tún ká a sí mẹ́ta, á tò ó ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì òkè kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Tí aṣọ bá pẹ́, wọ́n á yọ orí láti òkè àtẹ̀gùn, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ìsàlẹ̀! Ṣé ẹ sùn ni?"

Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu Àbẹ̀ẹ̀gbà bíi "ìwọ ará ìsàlẹ̀".

Òun ló dá eré afárá sílẹ̀. Tí ẹni tí ipele rẹ̀ kéré bá kọ̀wé pé òun fẹ́ wọ Ẹgbẹ́ Orí Òkè, wọn kì í lé e. Lílé ti sú wọn. Àbẹ̀ẹ̀gbà á fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: "A gbọ́. Lọ dúró lórí Afárá Àkọ́wọlé, a ń bọ̀ wá mú ọ." Ara ohun tó jẹ́ kí irọ́ náà jọ òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ lágbára láti fa ẹni tí wọ́n bá gbà gòkè lójú ẹsẹ̀, ipele yòówù kó wà. Ni ẹni ẹlẹ́ni á bá lọ dúró. Àwọn ará òkè á tò sétí àpáta, wọ́n á máa wo bó ṣe ń yí orí sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀pọ̀ kì í dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ti fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á bú ìyá gbogbo wọn, wọ́n á lọ. Ẹni tó pẹ́ jù rí lo wákàtí kan ààbọ̀. Wọ́n fi ẹni yẹn rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni tí wọ́n ń pè níwin yìí, òun náà kọ̀wé. Ipele mẹ́rin. Orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ni Aago Mẹ́rin. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ dara pọ̀ mọ́ yín. N kò mọ ìjà púpọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń dé ní àkókò." Ẹ̀rín pa wọ́n. Àbẹ̀ẹ̀gbà fúnra rẹ̀ ló fèsì, ó fèsì tán, ó ju fóònù sápò, ó pa dà sídìí aṣọ. Láti ọjọ́ náà, lójoojúmọ́, tí aago mẹ́rin ọ̀sán bá ti lù, Aago Mẹ́rin á yọ lórí afárá, á dúró títí di aago mẹ́fà. Ọjọ́ kejì, wọ́n rín in. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n rín in díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn kan, ni àhesọ bá bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Fóònù dún nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ. Bàbá Àbẹ̀ẹ̀gbà ni.

Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ kò ti délé. Atún-aago-ṣe ni bàbá náà, ó ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló wà nílé láti ìgbà tí ìyá ti kú. Ìgbà tó délé kẹ́yìn, ó fi ìgbéraga sọ fún bàbá pé Ẹgbẹ́ Orí Òkè ni òun wà, òun sì ni ọ̀gá gbogbo wọn. Bàbá ní, "Ìwọ àti eré ọmọdé! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń tọ́mọ, ìwọ ń pa ìkookò inú fóònù." Ó bínú lọ. Láti ìgbà náà, orí fóònù ni wọ́n ti ń kíra.

"Ọ̀gá mi," ni bàbá wí. Bó ṣe máa ń pè é láti kékeré nìyẹn. "Ṣé wọn ò tíì fi ooru pa ọ́ níbẹ̀?"

"Wọn ò rí mi pa, sà. Ẹ ǹlẹ́, Bàbá. Ara ńkọ́?"

"Ara ń bẹ. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Nínú eré yín yẹn, tí wọ́n bá ní kéèyàn lọ dúró lórí afárá, pé àwọn ń bọ̀ wá mú un, ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kí wọ́n tó dé?"

Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára aṣọ. Aṣọ ká jọ sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń ké.

"Ta ló ń béèrè, Bàbá?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni."

"Ọjọ́ mélòó ló ti dúró?"

"Mọ́kànlá. Kò kánjú o. Ó kàn ní kí n bá òun bi ọ́."

Ibi tó ti yẹ kó sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: Bàbá, èmi ni. Ó ya ẹnu, ohun tó jáde ni, "Wọ́n... wọ́n máa ń pẹ́ díẹ̀, sà."

"Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀!" Ohùn bàbá dùn. "Mo ní ọ̀gá ni wọ́n, iṣẹ́ á ti pọ̀ lọ́rùn wọn."

Obìnrin kan wà tó ń bu ọṣẹ sí àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo wọn ń pè é. Òun ló sáré wá pa ẹ̀rọ. Ó fa aṣọ jáde, ó ti jóná láàárín, ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́. "Ọ̀gá Òkè," ni Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́ṣẹ wí, torí ó mọ̀ nípa géèmù náà, ó sì máa ń fi ṣe é lẹ́fẹ̀ẹ́, "ṣé aláìsàn ni a máa fi orí rẹ̀ bọ inú ihò yìí ni?" Nígbà tó rí ojú rẹ̀, kò ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bó ṣe jáde níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ipele àádọ́rùn-ún kò lè débi afárá, nítorí náà ó ṣí àkáǹtì tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ láti ipele kìíní. Wọ́n ní kó sọ orúkọ. Ó kọ "Èyíkéyìí". Wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ àpò, wọ́n fún un ní igi.

Ọdún mẹ́fà ló ti gbàgbé bí igi yẹn ṣe fúyẹ́ tó. Ajá igbó kan lé e, ó sá. Ó ń sáré lọ sídìí afárá ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já lù ú láti etí àpáta. Igbákejì rẹ̀ ni, ẹni tó ń jẹ́ Ẹnu-Abẹ.

"Ẹ wá wo èyí o! Ó ń sáré bí adìyẹ tí òjò pa!"

"Ìwọ aláṣọ àpò, ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o jáde?"

"Ẹ má dà á láàmú. Ó ń lọ fẹ́ bàbá iwin ni."

Àwàdà Àbẹ̀ẹ̀gbà fúnra rẹ̀ ni. Òun ló dá adìyẹ òjò sílẹ̀. Òun ló dá ṣé-ìyá-rẹ-mọ̀ sílẹ̀, ní ọdún kejì tó di ọ̀gá, ó rántí ọjọ́ náà, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wọn. Ó ti jù ú lu ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Kò mọ̀ pé báyìí ló ṣe máa ń dé ìsàlẹ̀.

Aago Mẹ́rin dúró ní àárín afárá, ó kọjú sókè.

"Ẹ káàsán, sà," ni Èyíkéyìí kọ.

Ìṣẹ́jú kan. Méjì. Mẹ́rin. Kò yà á lẹ́nu. Awò kékeré kan wà tí àwọn atún-aago-ṣe máa ń há mọ́jú kan, tí wọ́n fi ń rí eyín inú aago. Ó rí bàbá rẹ̀ lọ́kàn bó ṣe ń wá awò náà lórí tábìlì, tó ń há a mọ́jú, tó gbé fóònù súnmọ́ imú, tó ń kà á lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, tó wá ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ èsì.

"Káàsán, ọmọ mi. Má bínú, ọwọ́ mi ò yá. Ṣé wọ́n ní kí ìwọ náà dúró ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. A di méjì. Sún mọ́ ibí, àwọn tó ń sáré kọjá máa ń tini sódò lápá ibẹ̀ yẹn."

Ó sún mọ́ ọn.

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn, bàbá àti ọmọ, tí bàbá kò mọ̀. Lójoojúmọ́ ni Èyíkéyìí máa ń dé ní aago mẹ́rin ku díẹ̀. Ó ń bú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pé òní ni òun máa sọ ọ́. Tó bá débẹ̀, bàbá á ti kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ dè é, bí ẹni gbé àga kalẹ̀ de àlejò, á wá rò ó pé ọ̀la náà kò jìnnà.

"Ọmọ mi wà lókè lọ́hùn-ún," ni bàbá kọ lọ́jọ́ kan. "Òun ni ọ̀gá gbogbo wọn. N kò kàn mọ orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò pè é lórí fóònù, sà?"

"Áà! Mo fẹ́ já lù ú ni. Kó ṣàdédé yíjú kó bá bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó pariwo. Ó ti pẹ́ tó ti pariwo fún mi." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta: "Mo bú eré yìí lójú rẹ̀ nígbà kan. Mo ní eré ọmọdé ni."

"Ṣé kì í ṣe eré ọmọdé ni, sà?"

Èsì pẹ́. "Ọmọ mi, ó le ju aago lọ. Ìkookò kan náà ló pa mí nígbà mẹ́tàlélógún."

Ó rẹ́rìn-ín lórí búlọ́ọ̀kù, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí bàbá ti wà lórí afárá ló sọ èyí tó kù. Èyíkéyìí ní kí ló dé tí ẹ kì í fi rí àwọn tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Bàbá ní, "Ojú ọ̀tún ti lọ. Òsì ló kù. Dókítà fún un ní oṣù méjì, oṣù kan ti lọ níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń yára nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dúró sójú kan. Mo fẹ́ rí ibi tí ọmọ mi jókòó sí kí iná tó kú."

Ó béèrè ilé ìwòsàn wo. Bàbá sọ ọ́. Ilé ìwòsàn tirẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bàbá ti wá yẹ ojú wò níbẹ̀, àjà kejì gan-an lókè orí rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí aṣọ tí òun lọ̀ tí òun ká sí mẹ́ta, kò sì sọ̀kalẹ̀ wá kí i, torí kò fẹ́ kí ọmọ òun dààmú níbi iṣẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká gòkè nísinsìnyí, sà," ni Èyíkéyìí kọ. "Mo mọ ọ̀nà. Mo máa bá yín pa àwọn ìkookò."

"Wọ́n ní kí n dúró."

"Wọn ò ní bọ̀ mọ́, sà."

"O ò mọ̀ wọ́n. Ọmọ mi ni ọ̀gá wọn, kò lè jẹ́ kí wọ́n dá èèyàn dúró lásán. Tí mo bá kúrò, tí wọ́n sì dé ńkọ́?"

Ó ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ipele mẹ́rin dé ọgbọ̀n, fún ẹni tó lè ta géèmù fún wákàtí méjì lóòjọ́, ọ̀nà ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù fún ojú náà. Ká ní ó ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí fóònù dún ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ì bá kù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, kí Ẹgbẹ́ Orí Òkè gbà á kí wọ́n fà á gòkè. Ó pa Èyíkéyìí tì, ó wọlé bí Àbẹ̀ẹ̀gbà, ó pe ìpàdé.

Òfin ẹgbẹ́ nìyí: ẹni tí kò bá tó ipele ọgọ́ta kò gbọdọ̀ wọlé, bí ọ̀gá bá sì fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, àgbà méje ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òun ló kọ ọ́. Ó kọ ọ́ nítorí pé ó ní àánú ló máa ń ba ẹgbẹ́ jẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká gba Aago Mẹ́rin wọlé," ni ó wí.

Ẹnu-Abẹ bú sẹ́rìn-ín. "Iwin? Ọ̀gá, èyí wá dùn jù! Ká gbà á, ká tún wá tì í láti òkè?"

"N kò ṣeré."

"O ò ṣeré kẹ̀? Ìgbà wo lo jáwọ́ nínú eré?"

"Bàbá mi ni."

Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé fóònù rẹ̀ dúró gbagidi. Ẹnì kan ní àwàdà ọdún nìyí. Ẹlòmíràn ní ìyá òun náà ni ìkookò tó wà nídìí odò. Bó ṣe ń búra ni wọ́n ń rín sí i, torí ẹni tó ti fi ọdún mẹ́fà puró pẹ̀lú ojú líle, ojú líle wo ló kù tó máa fi sòótọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì fọwọ́ sí i. Àwọn márùn-ún yòókù ní òfin lòfin, àti pé ta ló kọ ọ́? Lọ́jọ́ tó gbọ́ ìbéèrè yẹn kẹ́yìn, ó bọ́ aṣọ ìlékè sílẹ̀, ó kúrò lẹ́gbẹ́. Ẹnu-Abẹ jókòó sórí àga rẹ̀ kí àga tó tutù.

"O ti wá gbogbo ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí o wo ojú bàbá rẹ," ni Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́ṣẹ sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, bó ṣe ń da ọṣẹ. "Àbẹ̀ẹ̀gbà, ṣé ilé yín jìnnà ju òkè yẹn lọ ni?"

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ ní ọ̀sán gangan, ó wọ ọkọ̀.

Bàbá jókòó sójú fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀. Aago ara ògiri mẹ́sàn-án ń lù yí i ká, kò sí ọ̀kan tó fi ìṣẹ́jú kan ju èkejì lọ. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni. Ó ti há awò mọ́jú, ó ti ń tan fóònù dè wọ́n.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ó yíjú, ó yí orí díẹ̀ kí ojú òsì lè mú un. "Háà! Ọ̀gá mi! Ìwọ lo wá já lù mí." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbìyànjú láti fi fóònù pamọ́ sábẹ́ itan bí ọmọdé tó jí ṣúgà.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní òun ni Èyíkéyìí. Èyí kò ba bàbá nínú jẹ́, ó tilẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín, ó ní abájọ tí ọmọ náà fi máa ń pe òun ní sà lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ìyókù. Ó ní kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó ní eré ni, òun ló dá a sílẹ̀, ọwọ́ òun yìí gan-an ló fi kọ ọ́ pé kó lọ dúró, àti pé nígbà tí bàbá pe òun lórí fóònù, òun ti mọ̀.

Àwọn aago ń lù. Bàbá yọ awò lójú, ó nù ún létí agbádá ọrùn rẹ̀, ó nù ún pẹ́.

"Nígbà tí mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ń béèrè," ni ó wí, "o mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ó dáa." Ó tún nu awò. "Ó dáa tó jẹ́ pé ìwọ ni. Ẹlòmíràn ni ì bá dùn mí."

Ọmọ náà fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó ní ẹ wò ó, Ìlú Òkè ló wà níhìn-ín, òun ṣì lè wọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín lójú ẹsẹ̀, Bàbá. Bàbá fi ọwọ́ ti fóònù náà sẹ́yìn jẹ́jẹ́.

"Wọ́n máa ń gbé aago tó dúró wá bá mi, wọ́n á ní kí n kàn bá àwọn ti ọwọ́ rẹ̀ síbi àkókò. N kì í ti ọwọ́ aago. Inú rẹ̀ ni mo máa ń tún ṣe, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ nílé kì í yọjú lójú fèrèsé. Ṣé o mọ ọ̀nà?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Jẹ́ ká lọ nígbà náà."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, ọ̀nà sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àwọn méjèèjì mọ̀. Ọmọ gba ìsinmi tó ní níbi iṣẹ́, ó kó wá sílé. Wọ́n kúrò lórí afárá lọ́jọ́ náà gan-an, Aago Mẹ́rin níwájú, Èyíkéyìí lẹ́yìn. Ìkookò ẹlẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún kú, bàbá lu tábìlì débi pé awò já bọ́. Ní ipele mọ́kànlá, wọ́n sinmi mu omi. Ní ipele kẹrìndínlógún, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ṣé igi ni ti iwájú yẹn tàbí ènìyàn. Ní ipele ogún, ó gbé awò sórí tábìlì, kò sì há a mọ́jú mọ́. Ohùn ló fi ń ta á láti ìgbà náà: ọmọ á ní "òsì, Bàbá", á yà sósì, á ní "lù ú", á lù ú. Àwọn tó ń kọjá ń bú wọn pé wọ́n lọ́ra. Ọmọ ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sójú fóònù fún bàbá, àfi àwọn yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní nǹkan bí aago márùn-ún ọ̀sán, wọ́n dé ẹnubodè. Oòrùn wọ yàrá láti ojú fèrèsé, ó bọ́ sójú bàbá gbagada, kò sì pa ojú dé.

"Ṣé a ti dé?"

"A ti dé, Bàbá."

"Sọ ọ́ fún mi."

Ó sọ ọ́. Ó ní ẹnubodè ga tó igi mẹ́ta tí wọ́n gùn léra wọn, idẹ ni. Ó ní òkúta funfun ni wọ́n fi tẹ́ ìta, omi ń tú jáde láàárín rẹ̀, àwọn ènìyàn dúró kiri pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye, kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan. Bàbá mi orí.

"Àga rẹ ńkọ́?"

"Ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀ báyìí, sà."

"Mo gbọ́. Ibi tí ẹ máa ń dúró sí ńkọ́? Mú mi débẹ̀."

Ó ní òsì, ó ní tààrà, ó ní ẹ dúró, etí àpáta nìyí.

"Ṣé èèyàn ń rí afárá láti ibí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kedere?"

Ó wo ìsàlẹ̀. Afárá náà wà níbẹ̀, ó tẹ́jú, òjìji igi bọ́ sí i lára, ó lè ka pákó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tuntun kan dúró ní àárín rẹ̀ tòun ti aṣọ àpò, ó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì. Lápá ọ̀tún wọn, létí àpáta, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín.

"Kedere, sà."

Bàbá fi ọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ fóònù láti pa á, ó tẹ apá ibi tí kì í ṣe ibẹ̀, ó tún wá a. Ọmọ náà na ọwọ́, ó fà á sẹ́yìn, ó jókòó jẹ́ẹ́ títí bàbá fi rí i fúnra rẹ̀.

Títí di òní, àwọn tó ń gba Afárá Àkọ́wọlé kọjá ṣì ń yẹra fún àárín rẹ̀. Wọ́n ní iwin náà pòórá lọ́jọ́ kan ni, pé ó ti gòkè lọ gbẹ̀san. Ènìyàn ni. Wọ́n ní kó dúró, ó sì dúró fún ọjọ́ mọ́kàndínlógójì.